Àwọn Òkè Tatra: Ìwọ̀n, Orúkọ àti Ààlà lórí Òkè Kékeré Kan

Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí òkè, àti pé òkè ọ̀hún kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá, kò tilẹ̀ sí ní Áfíríkà rárá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka ìmọ̀ jọ́gíráfì lè máa rò ó nínú ara wọn pé mo ti wọ oko olóko. Bí mo bá wọ̀ ọ́, kí wọ́n forí jì mí. Orúkọ ni mo lépa débẹ̀. Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ni láti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, bí ó ṣe ń já kúrò lára rẹ̀, àti ẹni tí ó ní agbára láti so ó mọ́ ọn tàbí láti já a. Nínú gbogbo ibi tí mo ti kà nípa rẹ̀, n kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere ní ojú kan ṣoṣo tó orí àwọn òkè Tatra.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Òkè Tatra kéré. Nítorí pé ó kéré, ojú ènìyàn ká a láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. Nítorí pé ojú ká a, oríṣiríṣi ènìyàn ni ó dúró ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì pè é ní tiwọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń ya máàpù rẹ̀, ìtàn ìmọ̀ nípa òkè náà kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn àwọn tí ó ń jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n kí á tó dé orí ìjà, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Àárín gbùngbùn Yúróòpù ni àwọn òkè Tatra wà, lórí ààlà tí ó pín Pólándì ní àríwá kúrò lára Slofákíà ní gúúsù. Apá kan ni wọ́n nínú ọ̀wọ́ òkè gígùn tí à ń pè ní Carpathian, apá tí ó sì ga jù lọ nínú ọ̀wọ́ náà ni wọ́n. Gígùn wọn láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn tó bíi kìlómítà 57. Ìbú wọn kò pé 20. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ti rin ọ̀nà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn gbogbo òkè náà. Bí a bá wọn ilẹ̀ wọn níbùú lóròó, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 785 lọ. Ìpín tí ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ jẹ́ ti Slofákíà, ìyókù sì jẹ́ ti Pólándì. Ṣóńṣó tí ó ga jù lọ, Gerlachovský, jẹ́ mítà 2,655. Lára àwọn òkè Alps, níbi tí àwọn ṣóńṣó kan ti ga ju mítà 4,000 lọ, ọmọdé ni ẹni bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó wá dé tí àwọn onímọ̀ fi ń ka Tatra kún òkè irú ti Alps? Kì í ṣe gíga. Ìrísí ni. Ní ayé àtijọ́, nígbà tí òtútù mú gbogbo apá ibẹ̀, yìnyín kún inú àwọn àfonífojì, ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fá òkúta bí káfíńtà ṣe ń fi ìfági fá pákó. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún tí yìnyín náà ti yọ́ tán, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ kò jiná. Àwọn àfonífojì tí ó fá sílẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀, ògiri wọn sì nà ró bí ògiri ilé. Ní àárín, níbi tí wọ́n ń pè ní Tatra Gíga, akọ òkúta ni, irú èyí tí a ní ní Ìdànrè. Ṣùgbọ́n ti Ìdànrè rí róbótó nítorí pé oòrùn àti òjò ni ó bó o, nígbà tí ti Tatra mú ṣóńṣó bí eyín ayùn. Ní ìhà ìlà-oòrùn pátápátá, òkúta tí à ń sun láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì ni ó pọ̀ jù, ihò àpáta sì wà nínú rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn ni òkè náà ti rọ̀ díẹ̀, tí koríko ti gun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń gòkè, igbó igi elewé-abẹ́rẹ́ ni yóò kọ́kọ́ là kọjá títí dé nǹkan bíi mítà 1,500. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kan igi kúkúrú kan tí ó ń rá mọ́lẹ̀, tí àwọn ará Slofákíà ń pè ní kosodrevina; lẹ́yìn náà koríko; lẹ́yìn koríko, òkúta lásán. Göran Wahlenberg, onímọ̀ nípa ewéko láti Sweden, rìn níbẹ̀ ní 1813, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1814 lórí àwọn ewéko òkè Carpathian àti ibi gíga tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dé. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé a lè ka ẹ̀yìn òkè bí ẹni ń ka ojú ewé ìwé, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ibi tí yìnyín gbẹ́ jìn ni omi dá sí. Adágún tí ó wà lórí Tatra ju ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Morskie Oko, tí ó wà ní ìhà Pólándì: ó fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 35, jíjìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mítà 51. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni Ojú Òkun. Àwọn ará ibẹ̀ gbà láyé àtijọ́ pé ọ̀nà kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ó so adágún náà pọ̀ mọ́ òkun, pé bí ọkọ̀ bá rì ní òkun, àfọ́kù rẹ̀ lè léfòó lórí òkè. Òkun jìnnà sí wọn púpọ̀. Ẹni tí ó kọ́ ìwé lè rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè tí ìtàn náà ń dáhùn jẹ́ ojúlówó ìbéèrè jọ́gíráfì: níbo ni omi yìí ń lọ?

Ìdáhùn rẹ̀ kò sì rọrùn. Ẹni tí ó bá wo máàpù yóò rò pé omi tí ó rọ̀ sí àríwá òkè ni yóò lọ sí àríwá, tí èyí tí ó rọ̀ sí gúúsù yóò sì lọ sí gúúsù. Odò Váh tẹ̀lé òfin yìí: ó gba omi ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó gbé e fún odò Danube, ó sì bá a dé Òkun Dúdú. Ṣùgbọ́n odò Poprad, tí òun náà ń gba omi ìhà gúúsù, ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, ó rọra yí òkè po lẹ́yìn, ó kọrí sí àríwá, omi rẹ̀ sì gba inú Dunajec àti Vistula lọ sí òkun Baltic. Nítorí náà, ọ̀gbun tí omi fi pínyà kò bá ẹ̀yìn òkè dọ́gba. Ní ìhà ìlà-oòrùn, ó fi ẹ̀yìn òkè sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ níwọ̀n ibi tí abúlé Štrba wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí a bá dé ọ̀rọ̀ ààlà, a ó gbọ́ tí àwọn ọlọ́lá yóò máa sọ pé àbínibí ilẹ̀ ni ààlà tí àwọn ń bèèrè. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sọ ohun kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí á wá bi ìbéèrè kan tí ó dà bí ìbéèrè ọmọdé: èwo ni ó ga jù nínú àwọn ṣóńṣó wọ̀nyí? Lórí òkè tí kò gùn ju báyìí lọ, ènìyàn lè rò pé wíwò lásán ti tó. Kò tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn wà lọ́wọ́ ibi tí ẹni tí a bi léèrè bá dúró sí. Àwọn ará Liptov, ní ìwọ̀-oòrùn, a máa na ìka sí Kriváň, nítorí pé ó dá dúró, orí rẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí wíwọ́ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn ará Spiš, ní ìlà-oòrùn, kò mọ̀ ju Lomnický lọ, nítorí pé òun ni ó yọ sí wọn gbàgede. Robert Townson, arìnrìn-àjò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gun Lomnický ní 1793, ó sì kọ ìrìn náà sínú ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ Húngárì tí ó jáde ní 1797. Stanisław Staszic, àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé ará Pólándì, rìn káàkiri òkè náà ní 1805, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1815 lórí bí ilẹ̀ Carpathian ṣe di ohun tí ó dà. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, akíkanjú sì ni wọ́n. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó yà sí Gerlachovský.

Ní 1838 ni Ludwig Greiner, olùtọ́jú igbó kan, gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ kalẹ̀, tí ó ṣírò gíga àwọn ṣóńṣó náà láti ìsàlẹ̀, tí ó sì rí i pé gbogbo ènìyàn ti ṣìnà. Gerlachovský ni ó ga jù. Lomnický jẹ́ mítà 2,634. Kriváň, tí àwọn kan ti ń búra fún, kò ju nǹkan bíi 2,494 lọ. Kì í ṣe pé Gerlachovský fara pamọ́. Ó gbòòrò léjìká, àwọn tí ó yí i ká fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o, ihò ńlá kan sì jìn sí i láyà tí ó mú kí ojú máa wo ihò náà dípò orí rẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní 1834, ọdún mẹ́rin ṣáájú ìṣirò Greiner, olùkọ́ ilé-ìwé kan láti abúlé Nová Lesná, Ján Still, ni ìtàn gbà pé ó kọ́kọ́ gun Gerlachovský. Olùkọ́ abúlé dúró sí ibi gíga jù lọ ní gbogbo Carpathian, kò sì tíì sí ìwé kan láyé tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Nígbà tí Greiner sì sọ ọ́ tán, àwọn ènìyàn kò tètè gbà á.

Bí wọ́n ti wá gbà á ni wàhálà orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ṣóńṣó tí kò já mọ́ nǹkan kan kò ní ẹni tí yóò sọ ọ́ lórúkọ. Ṣóńṣó tí ó ga jù di ohun tí gbogbo aláṣẹ ń fẹ́ fi ọwọ́ kàn. Orúkọ tí ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ara abúlé Gerlachov tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wá. Ní 1896, nígbà tí ìjọba Húngárì ń ṣe àjọ̀dún ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn baba wọn dé ilẹ̀ náà, wọ́n sọ ọ́ ní Ṣóńṣó Franz Joseph, orúkọ ọba wọn. Ìjọba ọba yẹn túká ní 1918. Czechoslovakia tí ó jogún òkè náà sọ ọ́ ní Ṣóńṣó Àwọn Ọmọ-ogun Légíọ́nì ní 1923. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Slofákíà tí ó wà lábẹ́ òjìji Jámánì pè é ní Ṣóńṣó Slofákíà. Ní 1949, ó di Ṣóńṣó Stalin. Ní 1959, Stalin ti kú, àṣírí ìjọba rẹ̀ sì ti ń tú, wọ́n dá orúkọ abúlé padà fún un. Láàrin ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, òkúta kan náà jẹ́ orúkọ oyè mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwa a máa sọ pé ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn aláṣẹ wọ̀nyí wo ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tiwọn ni wọ́n ń wò.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á rò pé àwọn aláṣẹ nìkan ni ó ń ṣe èyí. Àwọn akọ̀wé náà ṣe é, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn mí gan-an sì nìyí. Nínú èdè wa, bí a bá pe ènìyàn ní ará òkè, a kò yìn ín. Àwọn tí ń gbé ẹsẹ̀ Tatra ní ìhà àríwá ń jẹ́ Górale, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ará òkè náà lọ. Tálákà ni wọ́n: àgùntàn díẹ̀, ọkà tí òtútù ń pa, ànàmọ́ òyìnbó, àti ìrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà fún àwọn tí kò lè fara dà á mọ́. Láti 1795 títí di 1918, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tí ń jẹ́ Pólándì lórí máàpù; àwọn ọba mẹ́ta ti pín in, ìhà Tatra sì bọ́ sọ́wọ́ Ọ́sítríà. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò ní orílẹ̀-èdè mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ọba àjèjì kò tíì ba ìwà àwọn ènìyàn jẹ́. Òkè ni wọ́n rí. Tytus Chałubiński, dókítà láti Warsaw, wá sí abúlé Zakopane. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà níbẹ̀ ní 1873, ó dúró tọ́jú àwọn ará abúlé. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Tatra sílẹ̀ ní ìhà Pólándì, àwọn ti Húngárì náà sì dá ẹgbẹ́ Carpathian tiwọn sílẹ̀ ní ìhà kejì òkè.

Bí Chałubiński bá ń lọ sórí òkè, kì í dá lọ. Àwọn amọ̀nà ará òkè a máa bá a lọ, Jan Krzeptowski tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sabała a sì máa wà láàrin wọn. Sabała ti jẹ́ ọdẹ ní ìgbà èwe rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a dá iná, Sabała a ta ohun-èlò olókùn rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Stanisław Witkiewicz, ayàwòrán àti akọ̀wé, gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Henryk Sienkiewicz náà gba ìtàn lẹ́nu rẹ̀ sínú ìwé. Witkiewicz yìí kan náà ni ó wo ahéré àwọn darandaran, tí ó fi ìṣe wọn ya ilé ńlá fún àwọn ọlọ́rọ̀. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ parí ní 1893 ń jẹ́ Koliba, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ahéré olùṣọ́ àgùntàn. Báyìí ni ará òkè ṣe di ọ̀rọ̀ ìyìn ní èdè Pólándì, tí àṣà ibẹ̀ sì di àṣà gbogbo orílẹ̀-èdè tí kò tíì sí.

N kò sọ pé wọ́n ṣe ibi. Bí kì í bá ṣe tiwọn, ìtàn Sabała ì bá ti bá a wọ ilẹ̀ ní 1894. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn ọdẹ àti babaláwo tiwa mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá di ìwé: ẹni tí ó kọ ọ́ ni orúkọ rẹ̀ máa ń hàn lẹ́yìn ìwé. Ní 1903, wọ́n gbé ère kan kalẹ̀ ní Zakopane, ó sì ṣì wà níbẹ̀ dòní. Dókítà wà lókè pátápátá. Sabała jókòó sísàlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé ohun-èlò rẹ̀ dání, ó gbójú sókè.

Ní ìhà kejì, àwọn Slofákì tí wọ́n wà lábẹ́ Húngárì yan òkè tiwọn. Ní 1841, Ľudovít Štúr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gun Kriváň. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n pinnu lórí irú èdè Slofákì tí wọn yóò máa fi kọ ìwé. Greiner ti wọn Kriváň tán nígbà náà, ó sì ti hàn pé ó kéré sí Gerlachovský ju mítà 150 lọ. Èyí kò dá wọn dúró. Kriváň ni ó wà lára àwọn owó kọ́ìnì kéékèèké tí Slofákíà ń ná láti 2009, Tatra ni a sì dárúkọ nínú orin orílẹ̀-èdè wọn, tí Janko Matúška kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1844. Òkè tí ènìyàn ń wò láti ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀ kì í kéré.

Àwọn kan wà tí wọ́n wo òkè kan náà láti ẹnu ọ̀nà tiwọn, tí kò sì sí ẹnu ọ̀nà náà mọ́. Àwọn Jámánì ti Spiš ti wà ní ẹsẹ̀ Tatra fún nǹkan bí ọdún 700. Àwọn ni ó kọ́ ìlú Kežmarok, ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ tí ó kọ́kọ́ wọ ìwé lórí òkè náà sì jẹ́ ti èdè wọn. Lẹ́yìn 1945, wọ́n lé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn lọ. Àwọn Júù ti ṣáájú wọn lọ sí ibi tí a kì í ti í bọ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1942, ọkọ̀ ojú irin gbéra ní ìlú Poprad, níbi tí gbogbo Tatra ti yọ sí ènìyàn ketekete, ó kó àwọn ọmọbìnrin Júù tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan, ó sì gbé wọn lọ sí Auschwitz. Mo ti ka ìwé arìnrìn-àjò púpọ̀ lórí Poprad àti ẹwà òkè tí a ń wò láti ibùdókọ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo èyí tí mo kà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó dárúkọ ọkọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Morskie Oko, Ojú Òkun. Níwọ̀n ìgbà tí Ọ́sítríà àti Húngárì wà lábẹ́ ọba kan, ènìyàn lè rò pé kò yẹ kí ààlà tí ó wà láàrin wọn di ìjà. Ó di ìjà. Ní 1879, ọmọ ọba Jámánì kan, Christian Kraft Hohenlohe, ra ilẹ̀ Javorina ní ìhà Húngárì. Ọdẹ ṣíṣe ni ó fẹ́, kò sì fẹ́ kí arìnrìn-àjò máa dà á láàmú. Ní 1889, Władysław Zamoyski, ọlọ́lá ọmọ Pólándì, ra ilẹ̀ Zakopane ní ìhà kejì. Àwọn méjèèjì ní adágún náà dé ọ̀dọ̀ àwọn. Àwọn agbófinró ìhà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá dúró lórí àpáta kan náà. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ onílàjà ní ìlú Graz ní 1902: adájọ́ kan láti Galicia tí í ṣe ìhà Pólándì, ọ̀kan láti Húngárì, àti Johann Winkler láti Swítsálandì gẹ́gẹ́ bí ẹni àárín. Oswald Balzer, onímọ̀ ìtàn òfin láti Lwów, ni ó rojọ́ fún Galicia. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ tiwa yóò mọ bí wọ́n ṣe rojọ́ náà: máàpù àtijọ́, ìwé ìní, ta ni ó kọ́kọ́ da ẹran síbẹ̀, odò wo ni bàbá ń tọ́ka sí nígbà tí ó sọ pé odò ni ààlà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ni ìdájọ́ jáde. Galicia ni ó jàre.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó jàre kò ní orílẹ̀-èdè. Ọba Ọ́sítríà ni ó ni Galicia ní ojú òfin, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Pólándì ni ó yọ̀ bí ẹni pé ìlú wọn ti padà sọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Pólándì wá padà dé orí máàpù ní 1918, ìjà tuntun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Czechoslovakia lórí Javorina yìí kan náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ àgbáyé tí ó wà ní The Hague, tí ó sọ èrò rẹ̀ ní 1923, Javorina sì dúró sọ́wọ́ Czechoslovakia ní 1924. Ní 1938, nígbà tí Hitler ń ya Czechoslovakia pẹ́rẹpẹ̀rẹ, Pólándì wá gba Javorina. Ọdún kan kò pé lórí rẹ̀ tí wọ́n fi ya Pólándì náà, àwọn ọmọ-ogun Slofákíà sì wà lára àwọn tí ó gba ibẹ̀ wọlé. Abúlé kan ni à ń sọ, ilé onípákó díẹ̀ láàrin igbó.

Ìjọba méjèèjì tọ́jú òkè náà lẹ́yìn ogun. Ti Czechoslovakia sọ ìhà tiwọn di ọgbà ìpamọ́ ní 1949, ti Pólándì tẹ̀lé e ní 1954. Ìrònú náà ti pẹ́: láti 1868 ni ilé aṣòfin Galicia ti ṣòfin láti dáàbò bo ẹran kan tí ó jọ ewúrẹ́, tí ń fò láti àpáta dé àpáta, èyí tí wọ́n ń pè ní kozica ní Pólándì àti kamzík ní Slofákíà. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọgbà ìpamọ́ kò fẹ́ àgùntàn. Ní ìhà Pólándì, ní nǹkan bí 1960 sí 1980, wọ́n gba pápá lọ́wọ́ àwọn ará òkè, wọ́n sì kó àwọn darandaran kúrò, àwọn ènìyàn tí orílẹ̀-èdè ti fi ahéré wọn ya ilé, tí ó sì ti fi ìtàn wọn ṣe ìwé. Láti 1981 ni wọ́n tún gba agbo àgùntàn díẹ̀ láàyè, kí koríko má baà di igbó, kí àṣà má sì parẹ́. Wọ́n ń pè é ní dídaran fún àṣà. Darandaran tí bàbá rẹ̀ ń da ẹran kí ó lè jẹun ń da ẹran nísinsìnyí kí á lè rí i.

Òkè fúnra rẹ̀ kò gbọ́ gbogbo èyí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2004, afẹ́fẹ́ kan já wá láti orí òkè sí ìhà gúúsù, ó sì wó igbó tí ó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 12,000. Irú igi kan ṣoṣo ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ènìyàn ni ó sì gbin ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e le: àwọn kan ní kí á kó igi tí ó wó, kí kòkòrò má baà ti ara rẹ̀ ran èyí tí ó dúró, àwọn kan ní ọgbà ìpamọ́ ni, kí á fi sílẹ̀ kí igbó tún ara rẹ̀ ṣe. N kò ní ìmọ̀ tí n ó fi dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ìbéèrè àtijọ́ náà ni: ta ni ó ni í?

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2007, wọ́n dáwọ́ bíbèèrè ìwé ìrìnnà déédéé dúró ní ààlà òkè náà. Lórí Rysy, tí orí rẹ̀ kan jẹ́ ibi gíga jù lọ ní Pólándì, ní mítà 2,499, ènìyàn lè gba ìhà kan gòkè kí ó gba ìhà kejì sọ̀ kalẹ̀. Ní ti Gerlachovský, orúkọ abúlé rẹ̀ ni ó ṣì ń jẹ́. Ṣùgbọ́n kí abúlé tó fún un ní orúkọ, àwọn tí ń da ẹran lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò wo orí rẹ̀ rárá. Ihò ńlá tí ó wà láyà rẹ̀ ni wọ́n ń wò, nítorí náà wọ́n pe gbogbo òkè náà ní Kotol, ìyẹn ìkòkò ńlá. Àwọn Jámánì ti Spiš náà pè é bẹ́ẹ̀ ní èdè tiwọn. Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ dé, wọ́n mú orúkọ yẹn kúrò lórí ṣóńṣó, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìdí tí wọn yóò fi mú un kúrò lórí ihò. Ó ṣì wà níbẹ̀ lórí máàpù Slofákíà tí à ń tà lónìí, ní lẹ́tà wínníwínní lábẹ́ orúkọ ńlá náà: Gerlachovský kotol.